Ọwọ́ Tó Ń Gúnni Lábẹ́rẹ́

Kó má ṣáà ti jẹ́ ẹsẹ̀. Ohun yòówù tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, kó má jẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ mi… Àbí kí ni mò ń sọ gan-an? Ara Ọmọ́níkẹ́ ń gbóná janjan lórí itan mi, ojú rẹ̀ ti ń yí, mo jókòó sílé dókítà, ẹsẹ̀ ni mò ń rò. Ibà ló yẹ kí n máa bẹ̀rù. Gìrì ló yẹ kí n máa bẹ̀rù. Rọra, ọmọ mi. Gba ọmú. Kò gbà á.

Ṣùgbọ́n Mùktárù náà, ibà ló gbé e wá síbí. Mùktárù ọmọ Saidat, tí yàrá wọn kọjú sí tèmi ní Àgùdà. Ó ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kó tó wá gba abẹ́rẹ́. Ibà lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ò sì tẹlẹ̀ dáadáa mọ́ — ṣe ló ń wọ́ ọ, ìka ẹsẹ̀ ń ha sìmẹ́ǹtì, mò ń gbọ́ ọ látinú yàrá mi… Saidat ní ayé ni. Ó ní ìyàwó tí ọkọ òun fi sílẹ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló ṣe é. Mo ní, "Ọlọ́run á mú wọn." Èmi! Mo la ẹnu mi, mo sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìdí ọmọ náà ni mò ń wò, níbi tí ojú abẹ́rẹ́ wà — nísàlẹ̀, nítòsí àárín, níbi tí kò yẹ kó wà.

Ta ló sọ fún mi pé kò yẹ? Hilda ni. Nọ́ọ̀sì Hilda tó máa ń wá ra aṣọ lọ́wọ́ mi ní Tejúoṣó. "Tí wọ́n bá fẹ́ gún ọmọ yín nídìí, òkè ni o, lápá ẹ̀gbẹ́. Iṣan ńlá kan wà nísàlẹ̀. Tí wọ́n bá gún un, ẹsẹ̀ lọ nìyẹn." Ó ń yẹ léèsì wò bó ṣe ń sọ ọ́, àfi bí ẹni ń sọ pé òjò ṣú. Mo rẹ́rìn-ín.

Ilé yìí mọ́ o. Kí n má purọ́. Wọ́n fi omi oògùn nu ilẹ̀. Ìwé ẹ̀rí dókítà wà lára ògiri nínú gíláàsì. Ìkòkò tí wọ́n fi ń se abẹ́rẹ́ wà lórí sítóòfù, mò ń gbọ́ ọ bó ṣe ń hó. Kí ni mo tún fẹ́? Dókítà Oyèwọlé fúnra rẹ̀, ó máa ń fara balẹ̀, ó máa ń gbọ́ àyà ọmọ pẹ́… Ṣùgbọ́n dókítà kì í gúnni. Á kọ ọ́ sínú ìwé, á ní, "Ẹ lọ bá Sylvester." Sylvester tó ń ṣí géètì fún wa nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ó ní ojú ogun lòun ti kọ́ abẹ́rẹ́. Kí ló wá dé tó jẹ́ ìdí géètì ni wọ́n fi í sí? A ò bi í. A ń pè é ní dókítà kékeré, inú rẹ̀ ń dùn. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ìyẹn la fẹ́. Ọmọ á figbe ta, a ó ní abẹ́rẹ́ náà wọlé dáadáa. Dókítà tó bá fún wa ní oògùn mímu nìkan, a ó ní kò mọ nǹkan kan.

Kí ni mo wá wá ṣe nígbà náà? Ilé ìwòsàn ìjọba jìn, èrò ibẹ̀ ò lópin, gìrì kì í sì í dúró deni. Mo ti dé ibí kí n tó rántí pé ẹ̀rù ń bà mí… Irọ́ ni. Mo rántí láti ilé. Mò ń rántí bí mo ṣe ń pọ̀n ọ́n.

Mo lè padà wọlé lọ bá dókítà. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ gún un." Á bi mí pé kí ló dé. Kí ni mo fẹ́ wí? Bí mi ò bá dárúkọ Mùktárù, wọ́n á ní mò ń ṣàṣejù. Bí mo bá sì dárúkọ rẹ̀ — Saidat á gbọ́ pé mo mọ̀. Á bi mí pé láti ìgbà wo.

Ó ti pè wá. "Ọmọ́níkẹ́! Madam, ẹ gbé e wá, no time." Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni ohùn Sylvester ti wá. Mi ò dìde. Ìyàwó kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ìjẹ̀bú ló ti dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ rẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ ìborùn. Ó ti bi mí lẹ́ẹ̀kan: "Àǹtí, ṣé ọwọ́ wọn dáa níbí?" Mo sì ní… mo ní ó dáa.

"Jẹ́ kí tìẹ kọ́kọ́ wọlé, ìyàwó. Tèmi ṣì lè dúró." Ta ló sọ ìyẹn? Ohùn mi ni. Ó ti kúnlẹ̀: "Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Ọlọ́run á wo ọmọ yín sàn." Ó ti wọlé.

Tèmi ò lè dúró. Ara rẹ̀ ń jó mi lọ́wọ́. Àánú ni. Àánú obìnrin náà ló ṣe mí… Gbogbo bẹ́ǹṣì ń wò mí bí èèyàn dáadáa, bàbá kan ń mi orí sí mi. Ìgbà wo ni mo sún dé ibí? Mo ti wà ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, níbi tí kọ́tìnnì ti là díẹ̀, ọwọ́ Sylvester ni mò ń wò. Ó tẹ sìríńjì, omi ta jáde. Wọ́n ti ṣí ìdí ọmọ náà. Kò fọwọ́ wọn ibì kankan. Ojú ìyá ọmọ ló ń wò. "No fear, madam, small thing." Òkè ni àbí ìsàlẹ̀? Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ dí mi lójú. Mò ń na ọrùn —

Ọmọ náà ké.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò. Ó ta ọ̀kan. Èkejì… mò ń dúró de èkejì. Kí ni mò ń dúró dè? Tí kò bá ta á ńkọ́? Màá pọn tèmi, màá sì gba ilé lọ, ọkàn mi á balẹ̀… Háà. Àánú kọ́. Àánú kankan ò ṣe mí. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo tì síwájú kí n lè fi í mọ̀ bóyá kí n gbé tèmi wọlé.

Ìyá rẹ̀ ti ń gbé e bọ̀, ìborùn ti bo ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń tù ú nínú. Ó tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, Àǹtí, ó kàn yín.