Irun Tòún

Lọ́dún 1956, ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú ní Ìfọ̀ pinnu láti gbé ère kan kalẹ̀ sínú ọgbà tuntun tí wọ́n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè. Wọn ò jà rárá lórí ẹni tí wọ́n máa fi ṣe ère náà. Tòún ni. Ta ni kò gbọ́ nípa Tòún? Lọ́dún tí ọkọ̀ ojú irin kọṣẹ́ ní Ìfọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọ ọdún mọ́kànlá yìí ló gbé àmù ìyá rẹ̀ wá sídìí igi, tó ń bu omi fún èrò láìgba kọ́bọ̀. Ọkọ̀ lọ, àmù ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Lọ́dún kejì, ibà mú ọmọ náà lọ. Láti ìgbà yẹn, odindi ọdún mẹ́rìndínlógún, ìyá rẹ̀, Ìbíwùnmí, ló ń pọnmi kún àmù náà láràárọ̀.

Ẹ ó rò pé inú ìyá á dùn. Inú rẹ̀ dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á.

Sàlísù, bíríkìlà tó máa ń fi sìmẹ́ǹtì mọ kìnnìún síwájú ilé àwọn olówó, ni wọ́n gbéṣẹ́ fún. Ká sòótọ́, kìnnìún Sàlísù máa ń jọ ajá tó jẹun yó. Ẹ má bá a wí, kò rí kìnnìún rí. Èèyàn ló ń rí lójoojúmọ́, ó sì mọ èèyàn mọ.

Ó dọ̀bálẹ̀ kí Ìbíwùnmí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá fọ́tò Tòún."

"Kò ya fọ́tò rí."

"Kò burú. Ẹ ṣàpèjúwe ojú ẹ̀ fún mi. Ṣé imú ẹ̀ jọ tiyín?"

Ohun tó ti ń ba Ìbíwùnmí lẹ́rù nìyẹn. Ó tó ọdún mẹ́ta tí ojú ọmọ rẹ̀ ti pòórá lọ́kàn rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnì kankan, torí irú ìyá wo ló ń gbàgbé ojú ọmọ tó bí? Bó bá sì purọ́ imú àti ẹnu fún Sàlísù, ojú ọmọ ọlọ́mọ ni yóò máa kí láràárọ̀ títí tí yóò fi kú. Ló bá bú sẹ́kún.

"Mi ò rántí ojú ẹ̀ mọ́, Sàlísù. Má sọ fún wọn."

Sàlísù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó jẹ́ kó sunkún tán. "Tẹ́ ẹ bá ń ronú nípa ẹ̀, kí lẹ máa ń rí?"

"Irun orí ẹ̀. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, kò gbé omi fún mi rí láìkúnlẹ̀, kó sì tẹrí ba. Àárín orí ẹ̀ ni mo máa ń rí. Pàtẹ́wọ́ ni mo máa ń dì fún un."

"Ó ti tó, Màmá. Ẹni tó ń gbómi fún àgbà kì í gbójú sókè."

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin oní-sìmẹ́ǹtì kan ti kúnlẹ̀ sínú ọgbà, ó fi ọwọ́ méjèèjì na igbá omi síwájú, ó tẹrí ba débi pé orí rẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí. Bàbá Nọ́fíù, alága ẹgbẹ́, yí i po.

"Sàlísù, ṣé o fárí ọmọ náà ni?"

"Ẹ ní sùúrù, Baba. Onídìrí ń bọ̀."

Ìbíwùnmí dé pẹ̀lú òòyà rẹ̀. Sàlísù rẹ́ sìmẹ́ǹtì tútù sórí ère náà, ó ní kó yá, kó tó gbẹ. Ìyá náà dúró, kò mọ ibi tóun máa ti bẹ̀rẹ̀. Àfìgbà tó fi òòyà la àárín orí, tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fúnra rẹ̀. Ojú ti gbàgbé, ọwọ́ ò gbàgbé. Ó ń fi òòyà fa sìmẹ́ǹtì náà láti ẹ̀bá etí wá sí àárín, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì. Nígbà tó dé ẹ̀yìn etí òsì, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, torí eéwo ti mú ọmọ náà níbẹ̀ rí, kì í sì í fẹ́ kí wọ́n fà á.

"Pẹ̀lẹ́, Tòún," ló wí. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."