Ìdọ̀bálẹ̀ Mùhúdíìnì ní Kóòtù Bonanjo

Gbogbo àdúgbò Nkololoun ní Douala ló ń wo fíìmù lọ́yà yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òun kì í wò ó. Bí wọ́n bá ti jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, Kàbírátù tó ń ta òkìrìkà á gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, àwọn èèyàn á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, sórí táyà, sórí ohunkóhun tó bá ṣáà gba ìdí wọn. Fíìmù àtijọ́ ni, aláwọ̀ dúdú àti funfun, tí wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sí Faransé. Bákan náà ló máa ń rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n á pa ẹnì kan, wọ́n á lọ mú aláìṣẹ̀, lọ́yà gíga kan tó wọ súùtù á bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bo àwọn ẹlẹ́rìí, títí ẹni tó pààyàn gan-an á fi fò dìde láàárín èrò, tí á bú sẹ́kún, tí á ní, "Èmi ni! Èmi ni mo pa á!" Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ.

Àsàmáù gba fíìmù yẹn gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má bá a wí. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Mùhúdíìnì, ló wà ní ẹ̀wọ̀n New Bell, tí wọ́n ní ó pa ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà ni Rùfáì, káfíńtà tí gbogbo èèyàn mọ̀ bí ẹni mowó. Ìgbà tí wọ́n ń ti ìlú pa ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn olóṣèlú ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀, tí ọkọ̀ ò rìn, tí ebi sì ń fojú aráyé rí màbo. Rùfáì a máa ti ara ẹ̀ mọ́nú ṣọ́ọ̀bù, á máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mùhúdíìnì gbé oúnjẹ lọ fún un, ó bá a nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórí ẹ̀, òòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tákísì dà? Kò sí. Ọmọ náà pọn ọ̀gá ẹ̀ sẹ́yìn, ó kọrí sí ọsibítù, ó ń sáré, ó ń pariwo. Ẹ̀yìn ẹ̀ náà ni Rùfáì kú sí. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá rí ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ̀jẹ̀ bo aṣọ ẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn ò wá ẹlòmíì mọ́. Ẹni tó fi òòlù yẹn lu Rùfáì, títí dòní olónìí, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Lọ́yà tí ìjọba gbà láti gbèjà Mùhúdíìnì, ọmọ ilẹ̀ Cameroon kan, ò burú rárá. Ó pe Àsàmáù jókòó, ó sì ṣàlàyé fún un lédè Faransé pé ẹjọ́ náà ò le tó bí wọ́n ṣe ń rò. Kò sẹ́ni tó rí i, kò sì síjà láàárín Mùhúdíìnì àti ọ̀gá ẹ̀. Kó ṣáà dúró jẹ́jẹ́, kó dáhùn ohun tí wọ́n bá bi í, kó má wo ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí adájọ́.

Ohun tó ń jẹ Àsàmáù lọ́kàn kọ́ nìyẹn. Ìyá Rùfáì ló wà lọ́kàn ẹ̀. Ìyá àgbà yìí ló fa Mùhúdíìnì lọ́wọ́ láti Ìwó, tó fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀. Nígbà tí Rùfáì kú, ìyá náà wá sí Douala, àwọn mọ̀lẹ́bí sì gbé e pamọ́ sílé kan ní àdúgbò Kotto. Gbogbo ìgbà tí Àsàmáù bá lọ síbẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀, ẹnu géètì ni wọ́n ti ń lé e. Kò mọ̀ bóyá ìyá gbà pé Mùhúdíìnì ló pa ọmọ òun. 

Nígbà tí ẹjọ́ ku ọ̀la, ó lọ bá àbúrò ẹ̀ lẹ́wọ̀n.

"Mùhú, gbọ́ mi dáadáa. Tí o bá ti rí Màmá ní kóòtù, dọ̀bálẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bẹ̀ wọ́n."

"Àǹtí mi, ẹ̀yin náà lẹ ní lọ́yà sọ pé—"

"Lọ́yà mọ Màmá ni? Ta ló máa pa ọmọ obìnrin, tí á tún láyà láti nà sílẹ̀ níwájú ẹ̀? Ẹni tó bá jẹ̀bi á sá fójú ẹ̀ ni. Gbogbo ayé á rí i pé ọwọ́ ẹ mọ́. Àti pé, ṣé o fẹ́ rí ìyá ọ̀gá ẹ tó ń ṣọ̀fọ̀, kó o wá dúró ṣánṣán bí òpó iná?"

"Mo ti gbọ́, Àǹtí mi."

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́gbọ́n mu tó lẹ́nu ẹ̀! Kò sí ọmọ Yorùbá kan tó máa gbọ́ ọ tí ò ní gbà pé òótọ́ ló sọ.

Kóòtù kún lọ́jọ́ kejì ní Bonanjo. Iṣẹ́ ò sí nílùú, àwọn èèyàn ti gbọ́ pé ẹjọ́ ìpànìyàn ni, wọ́n wá bí ẹni tó wá wo fíìmù. Nǹkan sì ń lọ dáadáa o! Gbogbo ẹlẹ́rìí tí lọ́yà ìjọba, èyí tó ń fẹ̀sùn kàn án, pè, kò sẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ gidi kan sọ. Ọlọ́pàá tó mú Mùhúdíìnì pàápàá gbà pé ọ̀nà ọsibítù ló dojú kọ nígbà tí àwọn bá a. Lọ́yà Mùhúdíìnì bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí Àsàmáù. Ọkàn obìnrin náà balẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìgbà yẹn ni wọ́n pe Ìyá Rùfáì.

Obìnrin náà ti gbẹ. Wọ́n dì í lápá mú, ó ń rìn kọjá níwájú ibi tí Mùhúdíìnì wà. Ọmọ náà ò dúró gbàṣẹ. Ó já ara ẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọ́dà, ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi àyà àti iwájú orí kanlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ foríjì mí, Màmá!"

Ariwo sọ. Ẹnì kan fò dìde lẹ́yìn, ó ń nawọ́: "Il avoue! Ó ti jẹ́wọ́!" Gbogbo ilé ẹjọ́ gbà á lẹ́nu ẹ̀. Àwọn náà ń wo fíìmù yẹn nílé wọn, wọ́n sì ti mọ bó ṣe máa ń parí.

Ìyá Rùfáì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "Dìde, ọmọ mi. Mo ti gbọ́. Ọlọ́run ò ní dójú tì ẹ́." Omi ń dà lójú ẹ̀ pòròpòrò.

Adájọ́ bi ògbufọ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Ògbufọ̀ ò fi kún un, kò yọ níbẹ̀: ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní kí ìyá foríji òun, ìyá sì ti gbà.

"Tó ò bá ṣe nǹkan kan," ni adájọ́ gba ẹnu ògbufọ̀ bi Mùhúdíìnì, "kí lo ń tọrọ àforíjì fún?"

Mùhúdíìnì wò ó tìyanutìyanu. "Màmá ni, sà. Ọmọ wọn kú. Ṣé kí n má bẹ̀ wọ́n ni?"

Lọ́yà ìjọba, tí ojú ti ń tì látàárọ̀, dìde tayọ̀tayọ̀. Ó ní ìyá olóògbé fúnra ẹ̀ ti dárí jì í, ta ni wọ́n sì ń dárí jì bí kò ṣe ẹni tó ṣẹ̀? Lọ́yà Mùhúdíìnì di orí mú. Àsàmáù bọ́ síta láàárín èrò, ó ń ké pé, "Bá a ṣe ń bẹ àgbà nílé wa nìyẹn! Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ní kó ṣe é!" Adájọ́ lu tábìlì. Ó ní tó bá tún lanu, wọ́n á jù ú síta. Ìyá Rùfáì ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ ọ́, wọ́n sì rọra mú un jókòó.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, adájọ́ ti ka ìdájọ́. Ogún ọdún.

Faransé tí Mùhúdíìnì ò gbọ́ ni wọ́n fi kà á. Ògbufọ̀ ti kó ìwé ẹ̀, ó ti lọ. Bí wọ́dà ṣe ń mú Mùhúdíìnì bọ̀ níwájú Àsàmáù, ẹ̀rín ló wà lẹ́nu ọmọ náà.

"Àǹtí mi, ẹ rí i bí Màmá ṣe gbàdúrà fún mi? Ó ti tán. Ẹ ní kí wọ́n bá mi tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yìí, ká máa lọ sílé."

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọ́dà. Wọ́dà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mùhú," ni Àsàmáù wí. "Mùhú, wọn ò gbà. Wọ́n ní ìwọ lo pa á. Wọ́n ní ogún ọdún."

Ẹ̀rín náà pòórá lẹ́nu ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo ilẹ̀ níbi tó nà sí lẹ́ẹ̀kan, ó wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

"Ṣé mi ò dọ̀bálẹ̀ dáadáa ni, Àǹtí mi?"

"O dọ̀bálẹ̀ dáadáa," ni Àsàmáù wí. "O dọ̀bálẹ̀ dáadáa, àbúrò mi." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kóòtù, wọ́n sì mú Mùhúdíìnì lọ.