Mo Jowú Aránṣọ Nítorí Ọ̀rọ̀ Ìjọba

Mo lórogún rí, ṣùgbọ́n owú tí mo jẹ nítorí aránṣọ ọ̀ọ́kán ilé wa yìí, n ò jẹ irú ẹ̀ nílé ọkọ. Ọmọ ọmọ mi ló gbà lọ́wọ́ mi. Ọmọ tí mo fi orin tọ́ dàgbà, tó bá ti iléèwé dé, "Ẹ káàsán, Màmá," ó parí. Ṣùgbọ́n tó bá dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa bá a tú aṣọ tó rán bàjẹ́, wọ́n á máa jiyàn: ìbò, omi ẹ̀rọ, ọlọ́pàá. Mo jókòó sójú fèrèsé, mo kọrin sí i:

*Ẹni gbọmọ lọ́wọ́ ọlọ́mọ,*
*Abẹ́rẹ́ á gún un lọ́wọ́ o.*

"Ìyá, ohùn yín dùn o," ni aránṣọ fi dá mi lóhùn.

Kò burú. Mo pe àwọn ọmọ náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, mo ní kí wọ́n bá mi ṣa ẹ̀wà. Mo wá gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ bí ẹni lé orin.

"Ṣé ìjọba ń ṣe dáadáa?"

"Rárá o," gbogbo wọn gbè é.

"Ṣé ó yẹ ká dìbò?"

"Ó yẹ o."

Inú mi dùn, mo pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn tún dojú kọ ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà.

Ọmọ ọmọ mi rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀ ń lé, àwa ń gbè. Àǹtí aránṣọ, ohun tí àwọn fúnra wọn ò mọ̀ ni wọ́n máa ń bi wá."

Àǹtí. Ó dùn mí wọ egungun. Orin èébú ti dé ètè mi, mo gbé e mì.

"Ó dáa," mo ní. "Ọkùnrin tí mo fẹ́ dìbò fún, tó wà nípò báyìí, ó bá mi gbé garawa omi délé. Kí ló ṣe yín tí ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀?"

"Màmá, ta ló wà nípò nígbà tí ẹ̀rọ omi gbẹ, tí ẹ fi ń ru garawa?"

"Kì í ṣe òun ló bà á jẹ́," ọmọ kan já a gbà, "àwọn tó wà ṣáájú ni."

"Àbí kò rí i kó tún un ṣe?"

Ọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-an-yàn-an. Wọ́n fa ẹni tèmi ya níṣojú mi, mò ń gbádùn ẹ̀.

Ni aránṣọ bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, téèpù lọ́rùn. "Ìyá, ṣọ́ọ̀bù mi dá páro."

Mo wo ojú ẹ̀. Mo mọ ojú yẹn dáadáa; òun ni mo fi jókòó sójú fèrèsé.

"Wọlé," mo ní. Mo ti ẹ̀wà sí i kó ṣà. Àga ni n ò fún un.