Sàréè Tó Ti Wà Nílẹ̀

Nígbà àtijọ́ ní Ìkàrẹ́, ẹni tó bá kú ní láti ní sùúrù. Bó bá jáde láyé ní ìdájí, ó lè di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó sin ín, kì í sì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ìdílé kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Àwọn àgbà á dé, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á sunkún, wọ́n á máa sọ ohun tí olóògbé ṣe lọ́dún tí wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí wọ́n rán lọ ra aṣọ funfun á bá ìsọ̀ ní títì. Sísọ́ọ̀sì tí wọ́n á fi gé e á sọnù. Wọn ò tíì la pákó tí wọ́n fi ń bo inú sàréè. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ á sì máa bá òkúta jà, nítorí ilẹ̀ Àkókó kì í gba gbẹ̀rẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Raliat mọ gbogbo èyí bí ẹní mowó. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń wẹ òkú obìnrin fún ẹgbẹ́ ìsìnkú mọ́ṣáláṣí wọn. Ó gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, títí Láwàl Badmus, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Láwàl, fi ti Ìbàdàn dé.

Bàbá Láwàl ti jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ìgò. Ó fẹ̀yìn tì, ó kó ìyàwó rẹ̀ wá sílé. Kò pé oṣù mẹ́ta tí obìnrin náà kú. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló kú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó sin ín, nínú ooru oṣù kẹta, gbogbo wa la sì mọ ohun tí ooru máa ń ṣe. Raliat ló wẹ̀ ẹ́. Ó rí Bàbá Láwàl lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, tó ń lé eṣinṣin láti àárọ̀, tí kò jẹun, tí kò jókòó. Àánú rẹ̀ ṣe é débi pé kò lè wo ojú rẹ̀. Nígbà tí bàbá náà wá sípàdé ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, tó ní òun kò fẹ́ kí irú ìyà yẹn tún jẹ òkú kankan ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, kò sẹ́ni tó lẹ́nu láti bá a jiyàn.

"Ọ̀nà méjì la ó pa pọ̀," ó wí. "A ó tún ọ̀nà ṣe lẹ́ẹ̀kan, a ó wá máa tún ẹsẹ̀ wa ṣe lójoojúmọ́. Ẹni tó tún ọ̀nà ṣe tí kò tún ẹsẹ̀ ṣe, ibi tó wà náà ló wà."

Ó lẹ páálí ńlá mọ́ ògiri yàrá ìpàdé, ó to gbogbo iṣẹ́ ìsìnkú sí i, láti ìgbà tí èémí bá ti bọ́ títí dé ìgbà tí iyẹ̀pẹ̀ bá bo sàréè. Ó jẹ́ mẹ́tàlélógún. Ó mú bírò pupa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé wọn. Lílọ sọ́jà lọ ra aṣọ kò sí mọ́, aṣọ á máa wà nílẹ̀. Pákó á ti là sílẹ̀. Fóònù ti dé, nítorí náà kò sí pé à ń rán ẹnikẹ́ni kiri; nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọn yóò lẹ̀ mọ́ ògiri gbogbo mọ́ṣáláṣí láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà. Nígbà tó dé orí dídúró de àwọn àgbà kí wọ́n wá jókòó ti òkú, ó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

"Wọ́n ń sunkún, bàbá," ni Raliat dáhùn.

"Ṣé wọn ò lè sunkún lẹ́yìn ìsìnkú ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì fagi lé ìyẹn náà. Bó ṣe tún ọ̀nà ṣe nìyẹn. Ní ti ẹsẹ̀, gbogbo Jímọ̀ ni olúkúlùkù gbọ́dọ̀ mú àtúnṣe kékeré kan wá. Ẹnì kan ní kí wọ́n máa kọ orí bọ́ọ̀sì tó ń gbé òkú sí títì kí wọ́n tó páàkì rẹ̀. Limota, tó ń bá Raliat wẹ òkú, ní kí wọ́n máa gé òwú sílẹ̀. Ẹlòmíì ní kí omi máa wà lórí iná láti àárọ̀. Nǹkan tí ò tó nǹkan ni, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Wákàtí mẹ́wàá di mẹ́rin, mẹ́rin di méjì. Àwọn èèyàn ti ìlú Àfìn wá wò ó kí wọ́n lè ṣe irú rẹ̀. Inú Raliat dùn. Ó ń fi orí gbéraga díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Òun gan-an ló mú àtúnṣe tó ga jù wá. Ó rí i pé ilẹ̀ gbígbẹ́ nìkan ló kù tó ń fa wọ́n sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n máa gbẹ́ sàréè kan sílẹ̀ nígbà gbogbo, kí wọ́n fi pákó bò ó. Bàbá Láwàl pàtẹ́wọ́ fún un. Sàláwù tó ń gbẹ́lẹ̀ nìkan ló fajú ro. Ọmọ Arigidi ni, èdè ìlú rẹ̀ ló fi ń ronú, Yorùbá sì máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Sàréè tó bá lanu sílẹ̀," ó ní, "ebi ló ń pa á."

"Ilẹ̀ ò ní ikùn, Sàláwù," ni Bàbá Láwàl wí. "Gbẹ́ ẹ."

Ó gbẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan kú ní Ọ̀kà. Ó gbẹ́ òmíràn, kò pé ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n lò ó. Kí èyí tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè má sìnkú ju méjì lọ lóṣù. Lóṣù yẹn, mẹ́fà ni Sàláwù gbẹ́, kò sì sí ọ̀kan tó pẹ́ nílẹ̀. Nígbà kan, òkúta dá a dúró, ó fi sàréè náà sílẹ̀ ní kúkúrú, ó ní òun á wá fẹ̀ ẹ́ tó bá di ọ̀la. Kí ọ̀la tó mọ́, fóònù dún. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án ni. Ó bá sàréè náà mu rẹ́gí. Bàbá Láwàl wo aago, ó kọ ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì sínú ìwé rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni iṣẹ́ náà ti yí padà mọ́ Raliat lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kejì mọ́, nítorí ìbéèrè ń jẹ àkókò. Orúkọ òkú gan-an, wọ́n ti fagi lé bíbéèrè rẹ̀ lórí fóònù. Àwọn tó máa kírun sí i lára á gbọ́ ọ tí wọ́n bá dé ibẹ̀. Ọwọ́ mọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Nígbà míì, Raliat á ṣàdédé rí i pé òun ti fi aṣọ di òkú kan tán, kò sì ní í rántí ìgbà tí òun da omi sí i. Bí bọ́ọ̀sì wọn bá ń kọjá lọ́sàn-án gangan, àwọn ìyá á fa ọmọ wọn wọlé. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ fún pé iṣẹ́ òun ń lọ dáadáa jù?

Ní Àlàmísì kan nínú ọyẹ́, Sàláwù gbẹ́ sàréè gígùn kan tó tẹ́ẹ́rẹ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù tí fóònù dún.

"Ọ̀kà ni," ni Bàbá Láwàl wí. "Obìnrin. Ó ga."

Raliat gbé aṣọ tó gùn jù, ó wọ bọ́ọ̀sì. Ọyẹ́ bo òkè Ọ̀kà, kò sẹ́ni tó rí orí òkúta kankan. Bọ́ọ̀sì yà kúrò lójú títì, ó kọjá lára igi ọsàn kan tó mọ̀. Ó tún kọjá lára kànga kan tó mọ̀. Nígbà tó dúró, ẹnu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ ló wà.

Suleiman àbúrò rẹ̀ jókòó sórí pèpéle, ó di orí mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ pè yín. Nọ́ńbà tó wà lára ògiri ni mo kọ́kọ́ pè, wọ́n ní ẹ ti ń bọ̀." Ìyá wọn, Àsíátù, ti lo oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ ní ìdájí, ó sì gbààwẹ̀ lé e lórí. Suleiman bá a nílẹ̀ lẹ́yìn ìrun ìyálẹ̀ta, ó tutù, kò mira. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó ti rí i.

Ẹkún kò wá. Kí ó tó wá, wọ́n ti tẹ́ ẹní, wọ́n ti ta aṣọ sẹ́nu ọ̀nà, Limota ti gbé omi wọlé. Ọwọ́ Raliat ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó wẹ apá ọ̀tún ìyá rẹ̀, ó wẹ tòsì. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọwọ́ aládùúgbò. Ó da omi sí ẹsẹ̀, ó sì rí ọmọ-ìka ńlá ẹsẹ̀ náà tó ṣàdédé ká wọlé.

Ó rí i kedere, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó ti mú òwú. Ó ti na ọwọ́ sí aṣọ.

"Limota, dúró."

Limota kò gbọ́. Ó ń ṣẹ́ etí aṣọ wọlé lábẹ́ èjìká, ojú rẹ̀ kò sí lára ẹnikẹ́ni. Wọ́n kan ilẹ̀kùn níta. Ọkùnrin kan ní ó ku ìṣẹ́jú méjì.

"Mo ní ẹ dúró. Ó ń mira."

Pákó tí wọ́n fi ń gbé òkú ti wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó gbé e sì ti ń tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Dídúró ni kò sí nínú iṣẹ́ wọn mọ́. Raliat bá wólẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lórí, ó fi gbogbo ara bò ó, ó di etí ẹní mú lápá méjèèjì. Pákó náà kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tún kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó wò, tí wọ́n rí i pé alààyè ló wà níbẹ̀.

"Suleiman, oyin! Mú oyin wá! Ṣúgà ara rẹ̀ ló já wálẹ̀!"

Ó fi ìka ra oyin mọ́ èrìgì ìyá rẹ̀. Ó ra á, ó tún ra á. Nígbà tó yá, ọ̀nà ọ̀fun ìyá arúgbó náà lọ sókè, ó sì bọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn àkókò kan tí ẹnikẹ́ni kò fi aago wọ̀n, ó lajú, ó wo aṣọ funfun tó wà lára rẹ̀, ó wo Raliat.

"Ta ló da omi sí mi lára?" ó béèrè. "Ẹ ò mọ̀ pé mo ń gbààwẹ̀ ni?"

Ìgbà yẹn ni ẹkún tó wá. Raliat sun ún bí ọmọdé, Suleiman ń sun tirẹ̀ lórí pèpéle. Limota jókòó sílẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bàbá Láwàl dúró sójúde, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì kọ nǹkan kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Sàláwù gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó tẹ́ ẹ sínú sàréè gígùn yẹn dípò òkú, ó sì kún un dé òkè láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá Raliat jẹ iyán lálẹ́, ó sì bínú pé wọ́n se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Raliat náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti iyán tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń rántí Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó alápatà, tí abíyá rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tó ń wẹ̀ ẹ́. Ó ti yin ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà pé iṣẹ́ àwọn ti yá tó bẹ́ẹ̀ tí òkú kò tíì tutù. Ó rántí ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án yẹn. Ọmọ náà di etí aṣọ mú, Raliat ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ tú ìka ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, tí oòrùn ti gòkè, ó lọ sí itẹ́ òkú. Kò mọ ohun tó ń wá lọ. Ó rò pé òun nìkan ló máa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Láwàl ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn sàréè tuntun, ìwé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tó kọ orúkọ wọn sí, ó sì gbé etí lé sàréè Àbẹ̀kẹ́. Ó rí Raliat, kò dìde.

Raliat rọra kọjá lára rẹ̀ lọ síbi sàréè kúkúrú yẹn, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé etí tirẹ̀ náà lélẹ̀.