Kòkòrò Tí Kò Mọ Owé Yàtọ̀ sí Ìyàgbà

Ọmọ Ìyàgbà láti Ìsánlú ni mí, ọkọ ló gbé mi dé Kàbbà, ìlú àwọn Owé. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ nígbà tí ẹyinjú Fọlọ́runṣọ́, ọkọ mi, bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Dókítà Oyèbánjí ní kòkòrò kan tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Wọ́n yẹ èmi náà wò, wọ́n bá a lára mi.

Iye, ìyá ọkọ mi, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ná ọjà Sókótó rí kí n tó relé ọkọ, ìyẹn ti tó fún un. Ó ní, "Ẹni tó gbé e wọlé ni yóò gbé e jáde." Inú bí mi gan-an.

Dókítà ní irú kòkòrò náà pọ̀, irú tó wà ní ibìkan kì í ṣe irú tó wà níbòmíràn. Yóò fi ẹ̀jẹ̀ wa ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó kí wọ́n lè mọ irú tó jẹ́. Ojú Iye là.

"Dókítà, ṣé ti Owé ni àbí ti Ìyàgbà?"

Iye kò ṣeré o. Lójú tirẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ń yí padà láti Kàbbà dé Ìsánlú, kí ló dé tí kòkòrò kò ní yí? Ó na apá tirẹ̀ náà, kí wọ́n lè rí i pé ẹ̀jẹ̀ Owé mọ́. Ká má parọ́, ẹ̀rù ba èmi náà pé ti Ìsánlú ni yóò jẹ́.

Lọ́jọ́ tí dókítà mú èsì wá sílé wa, Iye ti di báàgì mi sẹ́nu ọ̀nà.

"Okun, Iye," ni dókítà fi kí i.

"Okun. Ti ta ni?"

"Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ní in, irú kan náà sì ni. Òun ló wọ́pọ̀ jù láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Kò mọ Owé, kò mọ Ìyàgbà."

"Èmi náà? Èmi tí n kò kọjá Lọ́kọ́ja rí? Ta ló wá kó o ràn mí?"

Dókítà bèèrè bóyá a ti jọ lo abẹ kan rí. A wo ara wa. Nígbà tí bàbá ọkọ mi kú, abẹ kan ṣoṣo ni Iye fi fá orí gbogbo wa, orí tirẹ̀ ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Nílé wọn, bí abẹ bá di méjì, wọ́n á ní àwọn ọmọ olóòkú ti pín. Ṣùgbọ́n dókítà tún ní ó lè má jẹ́ abẹ náà, pé ìyá lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ, pé ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ ní in. Mo ti rò pé inú mi yóò dùn. Orí mi kàn dàrú ni.

Iye wọ yàrá lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, báàgì tirẹ̀ ló gbé lọ́wọ́. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

"Ìyàwó, mo ní ẹni tó gbé e wọlé ni yóò gbé e jáde. N kò mọ ẹni náà mọ́. Jẹ́ ká jọ máa lọ."

Báàgì tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé padà sí yàrá, kí n tó wá gbé tèmi.