Ọjọ́ Tí Kíákíá Jókòó

"Bàbá ti kú, Màmá! Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kú!"

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu Kíákíá kó tó mọ̀ pé òun pariwo. Láti àárọ̀ ni ìyá rẹ̀ arúgbó, tí iyè rẹ̀ ti ra, ti ń bèèrè ọkọ rẹ̀, kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ojú tó fi wo ọmọ rẹ̀ báyìí, ojú opó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún ni. Ó káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún.

Nínú yàrá kejì, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Àbúrò Kíákíá obìnrin, tó ń rán kọ́tìnnì fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì, jáde wá tòun ti òwú lára aṣọ. Kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Ó jókòó ti ìyá wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ẹkún náà fi rọlẹ̀.

"Màmá, ṣé òótọ́ ni pé Bàbá ò mọ ijó jó?"

Ìyá náà nu imú. "Ijó kẹ̀? Bí ẹni tí ìjàlọ kó sí ní ṣòkòtò ni!" Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

Kò pẹ́, ó tún yíjú. "Bàbá yín dà?"

"Wọn ò sí nílé, Màmá," ni àbúrò wí, ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni tí a ò bi nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Èyí ló mú Kíákíá tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ wọ kíṣínìn. Ọ̀gá àwọn tó ń kó ẹrù sínú bàálù ni Kíákíá, iṣẹ́ tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí kì í jókòó tán kó tó dìde. Ó ti bá ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀. Yàrá kan ṣófo níbẹ̀, wọ́n sì ní kó fún àwọn lésì kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ó ní. "Iṣẹ́ yìí á pa ẹ́. Báwo lo ṣe ń ṣe é tí orí ẹ ò dàrú?"

"Mo máa ń jókòó ni."

"Àní báwo lo ṣe ń ṣe é?"

"Mo ní mo máa ń jókòó. Ìyá ará Japan tí mò ń rán tìmùtìmù fún ló kọ́ mi. Zen ni wọ́n ń pè é. Láàárọ̀, kí Màmá tó jí, mo máa jókòó, mo máa mí. Bí ọkàn mi bá sáré lọ, mo máa pè é padà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Mo rò pé àwọn tó ń gbé orí òkè ló ń ṣerú ẹ̀."

"Èmi ò ní òkè, Ẹ̀gbọ́n mi. Kíṣínìn ni mo ní." Ó na abọ́ kan sí i kó bá òun nù ún. "Bí mo bá ń fọ abọ́, abọ́ ni mò ń fọ̀. Bí Màmá bá bèèrè Bàbá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, torí lójú tiwọn, ìgbà àkọ́kọ́ ni lóòótọ́. Ẹ má rò pé mo ti di áńgẹ́lì o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ki táwẹ̀lì bọnu ní bálùwẹ̀, mo ké bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ orí ìso. Mo tún padà wá jókòó."

Lọ́sàn-án, àbúrò gbé kọ́tìnnì lọ fún àwọn oníbàárà, ó fi ìyá lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Ibi tí Kíákíá ti ń dá ibi iṣẹ́ lóhùn lórí fóònù, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ pa dé gbàgà. Kọ́kọ́rọ́ yí. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

"Màmá! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Olè! Olè wà nínú ilé o!"

Ó lu ilẹ̀kùn. Bó ti ń lù ú ni igbe ìyá ń le sí i. Omi ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Ó sún sẹ́yìn, ó gbé èjìká síwájú láti já a wọlé, ìgbà náà ló wá rò ó: bí ilẹ̀kùn bá wó lu ìyá arúgbó ńkọ́? Fóònù ń dún lápò rẹ̀. Ó pa á.

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ṣáà jókòó sílẹ̀ nínú omi, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó mí. Ọkàn rẹ̀ sáré lọ síbi iṣẹ́. Ó pè é padà. Ó sáré lọ sí ilé ìtọ́jú. Ó tún pè é padà. Nígbà tí ọkàn náà dúró díẹ̀, etí rẹ̀ là. Ìyá rẹ̀ kò bínú. Ẹ̀rù ló ń bà á.

"Kí ló dé, Màmá?" ó bèèrè pẹ̀lẹ́.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Mo jókòó síbí ni. Mi ò kánjú."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi ọkùnrin ò ní pẹ́ dé láti iléèwé. Mi ò tíì wá nǹkan tó máa jẹ."

Ìyá tó bí i lọ́mọ ló ń pè é ní sà. Ọ̀rọ̀ náà gún un láyà. Ó fẹ́ ké pé èmi nìyí, èmi gan-an ni. Ó mí.

"Ebi ò tíì pa á, Mà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni. Ọmọ náà ti yá jù. Á jẹun lórí ìdúró, á tún ti sáré jáde. N kì í ráyè wo ojú ẹ̀ dáadáa."

Omijé Kíákíá ń kán sínú omi tó jókòó sí.

"Ẹ pa omi ẹ̀rọ yẹn ná, Mà," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ká jọ dúró dè é."

Omi dá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí kọ́kọ́rọ́ tó yí. Ìyá yọjú, ó wo ọkùnrin tó jókòó nílẹ̀, ó wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Kí lò ń ṣe nínú omi?" ó ní. "Dìde, ìwọ ọmọ yìí. Òtútù á mú ẹ."

Kíákíá ò tíì dìde. Ó gbójú sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, kí ìyá rẹ̀ lè rí i dáadáa.

Nígbà tí àbúrò dé, ìyá ti wọ aṣọ gbígbẹ, ó ń sùn lórí àga. Kíákíá wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi àkísà nu ilẹ̀.

"Mo ti sọ fún ilé ìtọ́jú pé kí wọ́n fi yàrá wọn fún ẹlòmíì," ó ní, kò gbójú sókè. "Sátidé àti Sọ́ńdè, tèmi ni Màmá. Kí ìwọ náà lọ sinmi."

"Iṣẹ́ yín ńkọ́?"

"Bàálù á gbéra láìsí mi."

Àbúrò wo ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó rin gbingbin. Ó bọ́ bàtà, ó mú àkísà kejì, ó kúnlẹ̀ tì í.