Ibùdó Etíkun ní Bèbè Ẹ̀rìnlẹ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ aya ẹni tó ń gbé etí òkun. Èmi wà ní Ìlobù pẹ̀lú Treasure ọmọ wa, Ọládipọ̀ ọkọ mi wà ní ibùdó àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ọdún Àjíǹde àti ọdún Kérésìmesì nìkan ni a máa ń rí ara wa. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó sọ àpótí rẹ̀ kalẹ̀ ní ìyẹ̀wù mi, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Mo ní ọkọ mi ti wálé.

Ara rẹ̀ ló wálé. Kò pé oṣù mẹ́ta tí mo fi mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò tíì bá a dé. Kí n tó jí láàárọ̀, yóò ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò máa wo sánmà. Yóò ní, "Òjò máa rọ̀ ní agogo méjì." Agogo méjì á lù, òjò á dé. Ṣùgbọ́n ta ló bi í? Ní ibùdó, tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ogójì ọkọ̀ ló máa yí padà sí èbúté. Ní Ìlobù, èmi nìkan ni mo máa ń dìde lọ ká aṣọ.

Kọ́kọ́rọ́ kan wà lápò rẹ̀ tí mo kórìíra. Apẹja kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fún un, kọ́kọ́rọ́ yàrá kan tó kọjú sí òkun, pé ìgbàkígbà tó bá wù ú, kó máa bọ̀. Tó bá ti jókòó jẹ́ẹ́, yóò fà á yọ, yóò máa yí i ní ìka. Ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, ó pè mí.

"Ìyá Treasure, tí n kò bá rí nǹkan tí mo wúlò fún níbí kí òjò ọdún yìí tó tán, màá padà. Má jẹ́ kó dùn ọ́. Ẹni tó ti ń ṣọ́ omi láti ìgbà èwe kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ògiri."

Ó dùn mí. Mo lọ sọ fún Ọlọ́run, n kò sì fi ọ̀rọ̀ mọ̀ràn-ìn-mọran-in sọ ọ́. Mo ní, "Baba, Ẹ ti dá a padà fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún gbà á."

Oko tó pọ̀ jù nínú oko wa wà ní òdìkejì odò Ẹ̀rìnlẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè gba inú odò náà kọjá. Nígbà òjò, afárá pákó la máa ń gbà, omi a sì máa bò ó láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù keje, omi gbé ewúrẹ́ méjì lọ. Ọkọ mi lọ wo ibẹ̀, nígbà tó dé, ojú rẹ̀ ń dán. N kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti wálé.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀, èmi náà sì tẹ̀ lé e. Bàbá Ṣàngótúndé ni alága, àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń sin Ṣàngó bí baba rẹ̀ ti sìn ín. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ahéré tó wà lẹ́bàá afárá, tí ẹgbẹ́ ń kó kẹ́ẹ̀gì epo sí, òun ni mo fẹ́. Mo fẹ́ fi ṣe ibùdó."

Jàlálù wà níbẹ̀. Òun àti ọkọ mi jọ lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. "Ibùdó etíkun! Ọládipọ̀, òkun dà? Àbí o gbé e wá nínú àpótí ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"O rò pé òkun ló ń jẹ́ ibùdó?" ni ọkọ mi wí. "Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún yín. Ayé máa ń rí ọkọ̀ wa tó ń sáré lórí omi, wọ́n á ní iṣẹ́ wa nìyẹn. Lóòótọ́, a máa ń lé àwọn tó ń jí epo gbé gba orí omi. A máa ń tan iná síbi tí ọkọ̀ lè forí sọ. A máa ń wo ojú ọjọ́, a máa ń yọ ẹni tó bá kó sómi. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣáájú gbogbo ìyẹn: ibùdó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó jáde àti ẹni tí kò tíì wọlé. Tí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀ pé o jáde, ta ni yóò wá ọ?"

Bàbá Ṣàngótúndé fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ọ̀rọ̀ rẹ dára. Ṣé wàá máa ka àwọn ènìyàn ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, sà."

Ariwo sọ. Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, Ọládipọ̀. A kì í sì í bi ẹni tó ń lọ oko pé ìgbà wo ni yóò dé. Ṣé etíkun ti mú kó o gbàgbé ni? Máa lo ahéré. Tí oṣù kẹwàá bá parí tí a kò rí ìwúlò rẹ̀, a ó kó epo wa padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ kà wá."

Ọkọ mi kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ kíkà náà kọ èmi pàápàá lóminú. Mo rántí ọba Ísírẹ́lì tó ka àwọn ènìyàn rẹ̀, tí àjàkálẹ̀ àrùn fi wọ ìlú. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń gbàdúrà òwúrọ̀, ìtàn mìíràn sọ sí mi lọ́kàn.

"Bàbá Treasure, olùṣọ́-àgùntàn tó ní ọgọ́rùn-ún àgùntàn, tí ọ̀kan sọnù, báwo ló ṣe mọ̀ pé ọ̀kan ti sọnù?"

Ó la ojú. "Ó kà wọ́n ni."

"Ọba yẹn kà wọ́n láti fi gbéra ga. Eléyìí kà wọ́n kí wọ́n lè pé."

"Wá lọ sọ ìyẹn fún Bàbá Ṣàngótúndé."

"Àgùntàn kò kan Bàbá. Ẹ má ka ènìyàn, ẹ ka nǹkan ọwọ́ wọn. Kí kálukú mú nǹkan kan wá láti ilé, kó gbé e kọ́ tó bá ń lọ, kó gbé e kọ́ síbòmíràn tó bá dé."

Ó wò mí títí. "Ìwọ ni ìbá wà ní ibùdó yẹn," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá òòlù.

Ó kan iṣó sára pákó gbọọrọ kan ní ọ̀nà méjì. Ó kọ LỌ sí apá kan, ó kọ BỌ̀ sí apá kejì. Àwọn àgbẹ̀ kọ́kọ́ ń wò ó bí ẹni wo eré ọmọdé, ṣùgbọ́n eré a máa fani mọ́ra. Ẹnìkan mú bọ́tìnnì kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀ wá. Ẹnìkan mú tẹ̀sùbáà tó ti já. Bàrákátù, ìyàwó Jàlálù, mú kóòmù wá. Jàlálù lu ihò sí ìdí ṣíbí kan.

"Ṣíbí ni tèmi," ló wí. "Kò sí ohun tó mọ̀ mí tó o."

Ọkọ mi so okùn ńlá mọ́ igi ní bèbè méjèèjì odò. Ó wá tíúbù táyà kátákátá mẹ́rin, ó fẹ́ wọn, ó gbé wọn kọ́ ara ògiri. Tí omi bá fẹ́ kún, ó máa ń ta àsíá pupa sókè; tí ewu bá tán, ó máa ń ta funfun. Ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, yóò dúró níwájú pákó rẹ̀ bí olùfọkànsìn tó dúró níwájú pẹpẹ. Jàlálù kì í kọjá kó má kan sáárá sí i: "Kápútéènì! Ẹja àbùùbùtán kan ń jẹ ẹ̀gẹ́ mi lóko, wá bá mi mú un!"

Bàbá Ṣàngótúndé nìkan ni kò mú nǹkan kan wá. Yóò kí ọkọ mi dáadáa, yóò béèrè mi, yóò sì kọjá. "Ṣàngó tí mò ń sìn mọ ibi tí mo wà," ló máa ń wí.

Oṣù kẹsàn-án kọjá, ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Oṣù kẹwàá ń lọ sópin, ẹnikẹ́ni kò sọnù. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ayé! Àlàáfíà tí a ń gbàdúrà fún ló wá di ẹjọ́ sí wa lọ́rùn. Wọ́n ń sọ pé, "Kí ni ìwúlò rẹ̀ ná?" Ọkọ mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí kọ́kọ́rọ́ ní ìka. Mo jẹ́wọ́: mo gbàdúrà pé kí nǹkan kékeré kan ṣẹlẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ní Ọjọ́rú, ọkọ mi ta àsíá pupa ní agogo kan ọ̀sán. Oòrùn ṣì ń ràn. Ṣùgbọ́n àwọn tó rí i lóko sáré bọ̀, òjò sì dé bí ó ti wí. Ní agogo márùn-ún, omi ti bo afárá. Gbogbo nǹkan orí pákó ti bọ́ sí apá BỌ̀, àfi ṣíbí.

Ọkọ mi fọn fèrè. Ìlú sáré dé. Bàrákátù ń pe fóònù ọkọ rẹ̀, kò lọ. "Ẹ gbà mí o! Ọkọ mi kò mọ omi í wẹ̀!"

"Fọkàn balẹ̀, ìyàwó wa," ni ọkọ mi wí. Ohùn rẹ̀ yí padà. N kò gbọ́ ohùn yẹn rí nínú ilé mi. Ohùn ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó yan ọkùnrin mẹ́fà. Mẹ́rin nínú àwọn méjèèje gbé tíúbù kọ́rùn, gbogbo wọn di okùn mú, wọ́n wọ inú omi tó mù wọ́n dé àyà. Àwa obìnrin dúró ní bèbè. Èmi ń kọ orin ìyìn, Bàrákátù ń ṣe àdúà, a kò sì bi ara wa pé ti ta ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀run.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lódìkejì, wọ́n sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Wọ́n dé oko Jàlálù, kò sí ẹnìkan. Wọ́n pariwo, "Jàlálù o! Jàlálù!" Ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀ oko, ohùn àgbà tó ti há:

"Èmi kọ́ ni Jàlálù, ṣùgbọ́n ẹ máa bọ̀!"

Bàbá Ṣàngótúndé ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ nínú ihò òkété, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí iṣu. Ó ti rá gun orí òkìtì ọ̀gán kan, omi sì ti yí òkìtì náà ká. Fóònù rẹ̀ ti kó sómi. Àwọn ará ilé rẹ̀ kò sì wá a, wọ́n rò pé ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tíúbù, wọ́n so okùn mìíràn mọ́ tíúbù náà, wọ́n ju orí rẹ̀ kejì sí wa, wọ́n ń tì í bọ̀. A ní láti fa okùn láti ìhà tiwa, apá wa kò sì fẹ́ ká a. Ọkùnrin kan tó wọ rénkóòtù sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láti ọ̀nà ọ̀dà, ó sọ kúlà oúnjẹ kan sílẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó di okùn mú níwájú gbogbo wa, ó sì fà á. Ká má purọ́, ó lágbára. Bàrákátù wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó dijú pa nínú àdúà.

Tíúbù kan bèbè. Ọkọ mi jáde, omi ń ro tó lára rẹ̀. "Bàbá wà láàyè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a kò tíì rí Jàlálù. A ń padà lọ."

Ọkùnrin tó wọ rénkóòtù ní, "Jàlálù wo?"

"Jàlálù tó ni ṣíbí!"

Ọkùnrin náà ṣí orí. "Ọládipọ̀, èmi nìyí. Kí ló ṣe mí?"

Bàrákátù la ojú. Ó kọ́kọ́ gbá a lẹ́yìn gbì, kó tó wá dì mọ́ ọn. Àṣé láti oko ni Jàlálù ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí Ìfọ́n ní ọ̀sán, lọ́dọ̀ Hàfúsátù àbúrò rẹ̀ tó gúnyán. Fóònù rẹ̀ kú síbẹ̀. Ojú ọ̀dà ló gbà padà wálé, kò sì rántí pákó rárá.

"Iyán rẹ ló wà nínú kúlà yẹn," ló wí fún ìyàwó rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ṣíbí rẹ wà níbí, kí lo fi bu ọbẹ̀?"

"Ọwọ́ ni."

Gbogbo bèbè odò bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. "Ní ibùdó, ẹni tó bá gba ibòmíràn wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ọkùnrin méje ló wọ omi yìí nítorí rẹ."

Ojú Jàlálù rẹ̀wẹ̀sì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Orí tíúbù ni Bàbá Ṣàngótúndé ti dá sí i.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ká ní ó rántí ṣíbí rẹ̀ ni, orí òkìtì ọ̀gán ni mo máa sùn, tí omi bá gbà fún mi." Ó wo pákó náà. "Ta ló mọ̀ pé mo jáde? Kò sí."

Ọjọ́ kejì, ibùdó ni ẹgbẹ́ ti ṣe ìpàdé, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti máa ń ṣe é. Ọ̀kadà ló gbé Bàbá wá, báńdéèjì funfun lẹ́sẹ̀. Ó tú ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan kúrò lára èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti fi òwú sí i.

"Ojú mi kò ríran mọ́, Ọládipọ̀. Ibo ni LỌ, ibo ni BỌ̀?"

Ọkọ mi fi hàn án. Bàbá gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà kọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣíbí. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ni mo ní kó o máa kà. Ahéré ti di tìrẹ. A ó wá ibòmíràn fún epo."

Jàlálù ti mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá ilẹ̀ ibùdó. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan ni òun dá fún ara òun. "Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ o, mo ń ṣẹ̀wọ̀n lọ́wọ́."

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo dúró wo pákó náà. Bọ́tìnnì, tẹ̀sùbáà, kóòmù, ṣíbí, ìlẹ̀kẹ̀ Ṣàngó, àti ìbọ̀wọ́ ìka tí èmi fi ń ránṣọ. Iṣó kan ṣì ṣófo ní ìparí.

"Bàbá Treasure, gbogbo ìlú ló ní nǹkan níbí. Ẹ̀yin nìkan lẹ kò ní."

Ó wo iṣó náà, ó wò mí. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa kọ́kọ́rọ́ náà yọ, ó yí i ní ìka lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó gbé e kọ́ sí apá BỌ̀, ó sì jáde lọ wo sánmà.

"Lọ ká aṣọ rẹ," ló wí. "Òjò ń bọ̀."

Mo fi orin bọnu, mo ń lọ sílé.